Láti Iléṣà dé Arámọkọ: Ọjọ́ Kan Nínú Iṣẹ́ Baba Sàlá

Ẹ̀rín tí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Baba Sàlá, pa wá kò ṣeé gbàgbé. Iṣẹ́ tí ó ṣe kí a tó rẹ́rìn-ín ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. A rí táì onílabalábá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ, a rí aago ara ògiri tí ó so kọ́rùn, a rí awò ojú ràgàjì, a sì rò pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò lónìí ni ọ̀nà jíjìn, jẹnẹrétọ̀, ẹnu géètì, owó tí wọ́n yá, àti ìbẹ̀rù olè.

Sátidé kan ní 1987 ni mo fi ṣe ọjọ́ náà, tí ẹgbẹ́ Baba Sàlá gbé fíìmù wọn, Moṣebọ́látán, kúrò ní Iléṣà lọ sí Arámọkọ. N kò fa ọjọ́ yìí yọ nínú kàlẹ́ńdà. Bí àwọn onísinimá alárìnká ṣe ń ṣe nígbà náà, láti ìdájí títí di ọ̀gànjọ́, ni mo tò pọ̀, mo sì gbé e sí ọ̀nà tó gba ìwọ̀ oòrùn Èkìtì kọjá nítorí pé irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ ló bọ́ iṣẹ́ náà.

Aago márùn-ún ìdájí

Ní Iléṣà, wọ́n ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀. Pírójẹ́kítọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, wọ́n sì fi aṣọ tó nípọn wé e nítorí gílóòbù rẹ̀. Bí gílóòbù bá fọ́ lójú ọ̀nà, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí òmíràn rà ní Sátidé? Jẹnẹrétọ̀ tẹ̀ lé e, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù, àwọn lauspíkà, aṣọ funfun tí àwòrán yóò jáde lára rẹ̀, ìdì tíkẹ́ẹ̀tì, àti ìyókù pósítà. Àwọn agolo fíìmù ló kẹ́yìn. Ẹni kan ṣoṣo ló ń kà wọ́n wọlé, òun kan náà ni wọn yóò bi léèrè bí wọ́n bá padà dé.

Iléṣà yìí ni wọ́n bí Ọláìyá sí ní ọjọ́ 18 oṣù Èbìbí 1936. Orin ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun ló ń darí ẹgbẹ́ oníháílàìfù kan tó ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies, ibẹ̀ sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi ilé sílẹ̀ wá sí Èkó ní 1963 ti ń ta gìtá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni King Sunny Adé.

Nígbà tí Ọláìyá yà kúrò nídìí orin tó kó ẹgbẹ́ Aláwàdà jọ, ọjà eré ìtàgé ti kún. Hubert Ògúndé ti wà lójú ọ̀nà láti 1945. Dúró Ládiípọ̀ ní Ọba Kò So, Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní Láńkẹ́ Ọ̀mùtí. Àwàdà kì í ṣàì sí nínú eré wọn, ṣùgbọ́n àyè díẹ̀ ló ń rí láàrin ìtàn ọba, ẹkún, àti ìbẹ̀rù ohun abàmì. Ọláìyá ló ní kí àwàdà jókòó sórí àga, kí àwọn yòókù dìde dúró. Ó ní ènìyàn lè fi gbogbo alẹ́ rẹ́rìn-ín, kó sì san owó fún un. Ìgboyà ni ìpinnu yẹn gbà, nítorí ẹni tó bá kùnà nídìí ẹkún, èrò lè ṣàánú rẹ̀. Ẹni tó bá kùnà nídìí ẹ̀rín kò rí aláàánú.

Aago mẹ́fà ààbọ̀

Bí Sátidé bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn oṣù, awakọ̀ kò gbọdọ̀ jáfara rárá. Láti 1984 ni ìjọba ológun ìgbà náà ti pa á láṣẹ pé kí gbogbo ìlú máa tún àyíká ṣe láti aago méje sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ rìn. Onísinimá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sí àárín ìrìn-àjò. Tó bá di dandan, á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́.

Wọ́n yà ní Ìwàràjà, wọ́n dojú kọ òkè Ẹ̀fọ̀n. Ní 1987, abẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Iléṣà wà. Ẹ̀fọ̀n, Arámọkọ àti Ìjerò wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò dé títí di 1991, ti Èkìtì sì di 1996. Ààlà ìjọba kò já mọ́ nǹkan kan fún aláwàdà lójú ọ̀nà yìí. Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ti jọ wà nínú Èkìtìparapọ̀, àpapọ̀ ọmọ ogun wọn láyé àtijọ́. Ògèdèngbé ti Iléṣà àti Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí jọ ja ogun Kírìjì kí àdéhùn 1886 tó dá a dúró. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bá lanu sọ̀rọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, ilé ló wà.

Aago mẹ́jọ

Wọ́n dúró jẹun ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ìlú oníṣẹ́ ọnà ni Ẹ̀fọ̀n látilẹ̀. Ilẹ̀kùn àti òpó tí Agbọ́nbíọ̀fẹ́ àti ìdílé rẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Aláayè wà lára iṣẹ́ igi tó dára jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, n kò sì rò pé ẹni tó bá ti rí wọn yóò jiyàn. Ìlú àdúrà náà sì ni. Ibẹ̀ ni Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá fi ṣe ibùdó, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí ní 1959, èrò ìjọ Kristi ti Àpọ́sítélì sì ń rọ́ lọ síbẹ̀ títí di òní.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu ba èyí ni pé aṣáájú ẹgbẹ́, ìyẹn ọkùnrin tí wọ́n máa ń rán lọ ṣíwájú láti gba gbọ̀ngàn kí ọkọ̀ tó dé, gbọ́dọ̀ mọ ìlú bí akọ̀wé ọba ṣe mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ ọjà. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bí ìsọjí bá wà, bí ìsìnkú ńlá bá wà, bí ọdún ìbílẹ̀ kan bá fẹ́ pa ọjà dé. Fíìmù tó bá bọ́ sí alẹ́ ìsọjí ní Ẹ̀fọ̀n, bẹ́ǹṣì òfìfo ló máa hàn fún. Ọgbọ́n orí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ebi pa ẹgbẹ́, orúkọ rẹ̀ kì í sì í sí lára pósítà.

Ìtawùrẹ́ ló kàn, níbi tí ọ̀nà Òkèmẹ̀sí ti yà. Wọn kò dúró.

Aago mẹ́wàá

Wọ́n wọ Arámọkọ. Nínú ẹsẹ̀ Ifá, Alárá àti Ajerò wà lára àwọn ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Alárá ló ni Arámọkọ, Ajerò ló ni Ìjerò. Àlejò tó bá fẹ́ kó èrò jọ lóru nírú ìlú báyìí kì í kọjá láì kí ààfin. Wọ́n kí ọba, wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ìjòyè tó bá fẹ́ wá wò.

Lẹ́yìn náà ni gbọ̀ngàn. Wọn kò kọ́ gbọ̀ngàn ìlú fún sinimá. Ìpàdé, ìgbéyàwó àti ọ̀rọ̀ ìjọba ni wọ́n kọ́ ọ fún. Fèrèsé rẹ̀ pọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi aṣọ dí, nítorí pé bí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé, àwòrán yóò rẹ̀. Bí ihò bá sì wà, ọmọdé ogún á ti rí eré kí ẹnikẹ́ni tó sanwó. Páànù ni òrùlé rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, kò sí lauspíkà tó lè bá a du ohùn. Bẹ́ǹṣì kò tó, wọ́n ní láti bẹ ọ̀gá ilé ìwé kan fún àfikún. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ní àwọn ará ìgbà náà kàn ń ṣe eré, bẹ́ǹṣì wọ̀nyí ni mo máa ń rántí.

Aago méjìlá ọ̀sán

Ìpolówó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n so lauspíkà mọ́ orí ọkọ̀, wọ́n lẹ pósítà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń rọra yí ìlú ká. Wọ́n dé ọjà, wọ́n dé iwájú ilé ìwé, wọ́n gba ọ̀nà Ìjerò lọ díẹ̀, wọ́n yà sí ọ̀nà Erijiyàn kí àwọn ará oko lè gbọ́. Ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé wọn. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wọ́n níbi gbogbo: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé Baba Sàlá fúnra wọn ń bọ̀?”

Kí ló mú kí ọmọdé tí kò dé Ìbàdàn rí mọ orúkọ yẹn? Tẹlifíṣọ̀n ni. Ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Wọ́n nílò ohun tí wọn yóò fi kún àṣálẹ́ àwọn ènìyàn, àwọn ẹgbẹ́ alárìnká sì ní eré. Ẹgbẹ́ Aláwàdà wọ ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ètò wọn sì di èyí tí wọ́n ń dúró dè. Ọláìyá kò kàn dúró níwájú kámẹ́rà. Òun ló ń ronú ìtàn, òun ló ń yan òṣèré, òun ló ń kọ́ wọn, tí ó sì ń rí i pé eré tuntun wà nílẹ̀ nígbà tí àkókò bá tó. Iṣẹ́ tí a fi ń pe ènìyàn ní olùgbéjáde ètò lónìí, ó ti ń ṣe é kí orúkọ náà tó di ohun àmúyangàn.

Nígbà yẹn, ilé tó bá ní tẹlifíṣọ̀n kì í nìkan wò ó. Yàrá á kún, fèrèsé á kún, ẹni tó wà níta á máa bi ẹni tó wà níwájú pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ohun kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀ dájú: òkìkí ni tẹlifíṣọ̀n fún aláwàdà, owó rẹ̀ kéré. Ẹnu géètì ni owó wà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń wò lọ́fẹ̀ẹ́ nínú yàrá wọn fi ní láti di ẹrù sínú ọkọ̀ ní ìdájí, kó lọ bá wọn nílé láti gba owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì dán pírójẹ́kítọ̀ wò. Inú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn yìí ni mo ti fẹ́ sọ ti fíìmù Ọ̀run Móoru, nítorí pé láìsọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò lóye ìṣọ́ra àwọn ọkùnrin tó wà nídìí agolo wọ̀nyí.

Ní 1982 ni Ọláìyá gbé fíìmù náà jáde, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Balógun kan náà ló ṣe Àjàní Ògún ní 1976, fíìmù tó ṣílẹ̀kùn sinimá fún àwọn ẹgbẹ́ eré Yorùbá. Ọ̀run Móoru jẹ́ ìtàn ọkùnrin kan tí gbájú-ẹ̀ tàn pé owó yóò kún àgbá rẹ̀, tí ó di òtòṣì, tí ó sọ ara rẹ̀ sódò láti kú, tí ó sì bá ara rẹ̀ lọ́run. Ìtàn tó ń pa ni lẹ́rìn-ín ni, ìbànújẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Fíìmù kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi owó àpò ṣe. Ìlú òkèèrè ni fíìmù òfìfo ti ń wá, ìlú òkèèrè ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tẹ ẹ̀dà rẹ̀. Ọláìyá yá owó báńkì lé e. Ètò rẹ̀ rọrùn láti lóye: kí fíìmù lọ láti ìlú dé ìlú fún ọdún mélòó kan, kí owó géètì san gbèsè, kí ìyókù sì ṣe fíìmù mìíràn. Àwọn olè kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe àdàkọ fíìmù náà sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì tú u sọ́jà nígbà tí fíìmù gan-an ṣì wà lójú ọ̀nà. Ta ni yóò tún sanwó ní gbọ̀ngàn fún ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ti ní nílé? Ẹni tó ṣe eré nípa ọkùnrin tí gbájú-ẹ̀ sọ di aláìní, àwọn gbájú-ẹ̀ fíìmù sọ òun náà di onígbèsè.

Inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí títí di òní, n kò sì ní fi pamọ́. Òfin àdàkọ tó wà nígbà náà, ti 1970, kò ní eyín. Èyí tó lágbára díẹ̀ jáde ní 1988, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bàjẹ́. Síbẹ̀ Ọláìyá kò káwọ́ gbéra. Ó gbé Aàrẹ Àgbáyé jáde ní 1983. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ṣe Moṣebọ́látán, tí Adéyẹmí Afọláyan, tí wọ́n ń pè ní Ade Love, darí. Fíìmù tó wà nínú agolo ní Arámọkọ lọ́jọ́ náà, fíìmù ẹni tí wọ́n ti jà lólè tó tún dìde ni.

Aago mẹ́fà

Wọ́n ṣí géètì. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì àti ẹni tó ń já a kì í jẹ́ ẹnì kan náà, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọ̀gá fọkàn tán, ọmọ, àbúrò tàbí ọmọ iṣẹ́ tó ti pẹ́. Nọ́ńbà wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n já gbọ́dọ̀ bá iye owó mu. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìlú tó ní àwọn kì í sanwó náà dé; sùúrù ni wọ́n fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí díẹ̀ wọlé kí wọ́n lè di ẹ̀ṣọ́.

Ní 1919, ní Amẹ́ríkà, Charlie Chaplin, aláwàdà tí gbogbo ayé fi aṣọ àti ọ̀pá rẹ̀ dá mọ̀, dara pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́ta mìíràn láti dá ilé iṣẹ́ United Artists sílẹ̀, kí wọ́n lè máa pín fíìmù wọn fúnra wọn. Ohun kan náà ni Baba Sàlá ń wá: kí ẹ̀rín jẹ́ ti ẹni tó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Chaplin ní ilé ẹjọ́, ìwé àdéhùn àti ilé sinimá káàkiri ayé lẹ́yìn rẹ̀. Baba Sàlá ní ọmọkùnrin méjì lẹ́nu géètì Arámọkọ.

Aago mẹ́jọ alẹ́

Iná kú, àwòrán yọ. Kí ọkùnrin náà tó sọ ọ̀rọ̀ kan, gbọ̀ngàn ti ń pariwo. Aṣọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Ẹni tí Ọláìyá máa ń jẹ́ nínú eré, a mọ̀ ọ́n ní àdúgbò wa: baba ahun tó ní òun gbọ́n, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára obìnrin, tó ń dọ́gbọ́n sí gbogbo ayé, tí ọgbọ́n náà sì máa ń padà wá gbá a létí. Kì í bú ẹnikẹ́ni láti pa wá lẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ ló fi ń ṣe é, ó sọ àgbàlagbà di ọmọdé níwájú wa, ó sì jẹ́ kí a rí ojúkòkòrò tiwa lójú rẹ̀ láìsí ìwàásù. Nínú èrò, àwọn ìyá ń kìlọ̀ fún un sókè pé kó má lọ síbẹ̀. Ó ń lọ síbẹ̀.

Fíìmù mílímítà 16 ni àwọn alárìnká sábà máa ń gbé, àwòrán mẹ́rìnlélógún ló ń kọjá lójú gílóòbù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Róòlù kan kì í gbé wákàtí kan, nítorí náà iná á tún tàn kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́pà àti olómi tútù mọ àkókò náà dáadáa. Bí fíìmù bá já, èrò á hó, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á gé e, á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, á sì máa bá a lọ. Gbogbo ibi tó bá ti já bẹ́ẹ̀, àwòrán díẹ̀ ti sọnù lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀dà tó bá ti yí ogójì ìlú ká kì í gùn tó bó ṣe gùn nígbà tó kúrò nílé.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀

Èrò tú. Wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ Baba Sàlá sọ fún ara wọn lọ sílé. Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ti ń ka owó: ti gbọ̀ngàn, ti epo, ti oúnjẹ, ti ọkọ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù ló jẹ́ ti fíìmù. Ní 1985, dọ́là Amẹ́ríkà kan kò tó náírà kan. Ní 1987, ó ti ń gba bíi náírà mẹ́rin. Fíìmù òfìfo àti ilé ìfọ̀ fíìmù ti wọ́n ní ìlọ́po mẹ́rin láàrin ọdún méjì, owó tíkẹ́ẹ̀tì ní Arámọkọ kò sì lè fò bẹ́ẹ̀, nítorí àgbẹ̀ àti tíṣà ló ń rà á. Ìṣirò yẹn ni kò jáde fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn onísinimá alárìnká. Kì í ṣe pé èrò kò fẹ́ wọn mọ́.

Aago méjìlá òru

Wọ́n ka agolo. Ó pé. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ wọn, nítorí pé ilẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè yóò mọ́, Ìjerò sì ń dúró.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí ọ̀nà sinimá alárìnká yìí fi dí. Fídíò tó jẹ Ọ̀run Móoru run ló di iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ní 1992, Baba Sàlá náà ṣe Àgbà Man sórí fídíò. Moses Ọláìyá kú ní Iléṣà ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà 2018, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin.

Ẹ̀yin ará Arámọkọ, Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n àti Òkèmẹ̀sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ àjà ilé àwọn bàbá yín wò, ẹ yẹ yàrá ẹrù tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn wò. Bí ẹ bá rí agolo fíìmù, pósítà, tíkẹ́ẹ̀tì tàbí fọ́tò ẹgbẹ́ Aláwàdà tàbí ti ẹgbẹ́ eré èyíkéyìí, ẹ má jó o, ẹ má sì fi fún ọmọdé ṣeré. Bí fíìmù bá ń rùn kíkan, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn: ẹ má tú u, ẹ gbé e kúrò lábẹ́ páànù lọ síbi tó tutù tó sì gbẹ, kí ẹ sì kàn sí ilé ìkó-fíìmù-pamọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Jos tàbí yunifásítì tó bá sún mọ́ yín. Èyí tó kù nílẹ̀ kò pọ̀.